Ìrètí Ọmọ Òrukàn Kọjá Àpò Ìrẹsì

Bí oṣù Kejìlá bá ti ń kanlẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń délẹ̀ nípàdé àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá nílùú òyìnbó: ilé ọmọ aláìlóbìí wo la máa ta lọ́rẹ lọ́dún yìí? Akápò á ka owó tó wà lọ́wọ́. Àwọn ìyá á dárúkọ ohun tó yẹ ká rà: ìrẹsì, òróró, mílíìkì, ọṣẹ, aṣọ ìléèwé. Àwọn aṣojú wa nílé á kó o lọ, wọ́n á ya fọ́tò, fọ́tò náà á sì dé orí WhatsApp wa kí ilẹ̀ tó ṣú. A ó dúpẹ́, a ó ṣàdúrà, ó di ọdún tó ń bọ̀.

N kò bu ẹnu àtẹ́ lu ìrẹsì. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mélòó ni àpò ìrẹsì mẹ́wàá máa tó fún ilé tí ọmọ kún bámúbámú? Bí ó bá tán, kí ló kù fún ọmọ náà? Lójú tèmi, ohun mẹ́ta ló ń sọ ọmọ òrukàn di ẹni tó ní ọ̀la: ẹnì kan pàtó tí yóò tọ́ ọ láìfi í sílẹ̀, ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ ọwọ́ tí yóò fi bọ́ ara rẹ̀, àti ìdílé tí yóò lè pè ní tirẹ̀. Ilé tó bá ń wá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ọmọ ló yẹ kí owó wa máa lọ sí.

Láyé àwọn bàbá wa, bí ọlọ́mọ bá kú, ẹbí a máa jókòó lẹ́yìn ìsìnkú. Ọmọ àgbà á lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá, èyí tó tẹ̀ lé e á bá ẹ̀gbọ́n ìyá lọ, ọmọ ọwọ́ á di ti ìyá àgbà. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tá a ń ka ìwé yìí ló jẹ́ ọmọ àgbàtọ́ rí tàbí tó bá ọmọ àgbàtọ́ dàgbà nínú ilé kan náà. A sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo wọn ló rí ìtọ́jú gidi. Àwọn kan ń kiri ọjà nígbà tí ọmọ onílé wà níléèwé. Àwọn àgbà ti kìlọ̀ tipẹ́ pé ọmọ tí kò ní ìyá kì í dá egbò ẹ̀yìn. Síbẹ̀, ọmọ náà mọ agboolé rẹ̀, ó mọ oríkì rẹ̀, ó sì mọ ẹni tí yóò dúró fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

Òṣì ló ba ètò yìí jẹ́ ju àìfẹ́ lọ. Ẹni tó ń gbé yàrá kan ní Mushin pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin, níbo ni yóò tẹ́ ẹní ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mẹ́ta sí? Ìyá àgbà tó ń ta ẹ̀kọ, kí ni yóò fi san owó ìwé? Nàìjíríà sì wà lára àwọn ibi tí ikú ti ń pa abiyamọ jù lọ láyé, tí ọmọ ọwọ́ ń wá sáyé lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ ń lọ. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, bàbá tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo lè gbé ọmọ lọ sílé ọmọ aláìlóbìí nítorí mílíìkì lásán. Abájọ tí àjọ Save the Children fi kọ ọ́ lọ́dún 2009 pé, kárí ayé, ó kéré tán, mẹ́rin nínú ọmọ márùn-ún tó wà nírú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ ló ṣì ní òbí kan tàbí méjèèjì láyé.

Ẹ jẹ́ ká wo ilé tó gbìyànjú láti ṣe é bó ṣe yẹ. Abúlé ọmọ ti àjọ SOS wà ní Ìsọlọ̀ l'Ékòó láti ọdún 1973. Òmíràn wà ní Òwu-Ìjẹ̀bú ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìlú Imst ní Ọ́stríà ni ètò náà ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1949, lẹ́yìn tí Ogun Àgbáyé Kejì ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọ di òrukàn. Dípò kí wọ́n kó ọgọ́rùn-ún ọmọ sínú gbọ̀ngàn kan, ilé kéékèèké ni wọ́n kọ́ sínú ọgbà. Ilé kọ̀ọ̀kan ní ìyá tirẹ̀, tó ń bá àwọn ọmọ gbé, ńlá àti kékeré. Wọn kì í fẹ́ kí ọmọ ìyá kan náà túká. Ọmọ á jí láàárọ̀, ẹni tó tẹ́ ẹ sùn lánàá náà ni yóò bá nílé ìdáná. Ohun tí kò jọ ẹlòmíràn lójú ni èyí, àmọ́ òun gan-an ni ọmọ òrukàn pàdánù.

Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé àjọ náà fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ lọ́dún 2021 pé wọ́n fìyà jẹ àwọn ọmọ ní àwọn abúlé rẹ̀ kan ní orílẹ̀-èdè mélòó kan, ó sì tọrọ àforíjì. Ètò tó dára kò ní kí á má ṣọ́ ilé.

Ìrètí tún wà nínú ohun tí kamẹ́rà wa kì í yà. Ọmọ tí wọ́n rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kò ní ìwé ìbí. Kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Bí kò bá ní ìwé ìbí, ìṣòro ni yóò jẹ́ láti gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN; láìsí NIN, kò lè forúkọ sílẹ̀ fún JAMB, ìdánwò àtiwọ yunifásítì. Olùtọ́jú ilé tó bá fi ẹsẹ̀ rin títí tó fi gba ìwé yẹn, tó mú ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, tó jókòó tì í títí ó fi mọ ìwé kà, ó ti ṣe ju ohun tí gbogbo ẹgbẹ́ wa ṣe lọ́dún kan.

Ìtàn tiwa pàápàá jẹ́rìí sí i. Ọmọkùnrin kan láti Òṣogùn wà lára àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ́dún 1821. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí tó fi bọ́ sínú ọkọ̀ àwọn Potogí l'Ékòó. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lọ́dún 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Kò ní ìyá níbẹ̀, kò ní bàbá. Àwọn míṣọ́nnárì CMS ló tọ́ ọ, tí wọ́n kọ́ ọ ní ìwé àti iṣẹ́ káfíńtà. Lọ́dún 1827, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ iléèwé Fourah Bay; lọ́dún 1864, ó di bíṣọ́ọ̀bù. Àjàyí Crowther ni. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ọdún 1846. Ọdún yẹn ló tún fojú kan ìyá rẹ̀ l'Abẹ́òkúta, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó ti di àlùfáà, ó ti láya, ó ti bímọ, síbẹ̀ omi ló bọ́ lójú tìyá-tọmọ. Ẹ̀kọ́ gbé e ga, àmọ́ kò gba ipò ìyá lọ́kàn rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ náà ti fi ìwádìí gbe ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀. Ní Bucharest, olú-ìlú Ròmáníà, àwọn olùwádìí láti Amẹ́ríkà mú ọmọ 136 tó ń gbé nílé ìtọ́jú ọmọ. Wọ́n gbé ìdajì lọ sọ́dọ̀ ìdílé alágbàtọ́, ìdajì yòókù sì ń gba ìtọ́jú tí wọ́n ti ń gbà tẹ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú ìwé Science lọ́dún 2007 ni pé làákàyè àwọn tó lọ sọ́dọ̀ ìdílé jí ju tàwọn yòókù lọ, àwọn tó sì tètè lọ kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méjì ló jàǹfààní jù.

Àwa tá a wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ orúkọ àjọ Barnardo's. Lọ́dún 1870 ni Thomas Barnardo ṣí ilé àwọn ọmọkùnrin ní Stepney, níhà ìlà-oòrùn London, ó sì gba ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́ òtútù àti ebi. Ilé yẹn kan náà, pẹ̀lú àwọn irú rẹ̀, tún kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Kánádà àti Ọsirélíà, tí òbí àwọn kan nínú wọn sì wà láàyè. Lọ́dún 2010 ni Gordon Brown, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, tọrọ àforíjì lórúkọ ìlú. Lónìí, Barnardo's ti pa ilé ọmọ aláìlóbìí irú ti àtijọ́ tì. Ìdílé ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́, alágbàtọ́ ni wọ́n ń wá.

N kò ní ká ti àwọn ilé tó wà nílé pa. Ọmọ tí wọ́n gbé jù sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lálẹ́ òní nílò ibùsùn lálẹ́ òní, a ò sì tíì ní alágbàtọ́ tó pọ̀ tó. Ohun tí mo ń sọ ni pé ká tó fowó sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká béèrè. Ṣé ilé náà ní ìwé àṣẹ ìjọba ìpínlẹ̀? Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti wà ní Nàìjíríà láti 2003, Èkó sì ti ní tirẹ̀ láti 2007. Ilé tó bá ń sá fún òfin, a ò mọ ohun tó ń fi ọmọ ṣe, pàápàá lásìkò tí wọ́n ti ń mú àwọn tó ń ta ọmọ ọwọ́. Ọmọ mélòó ló wà lọ́wọ́ olùtọ́jú kan? Ta ló ń wá ẹbí àwọn ọmọ náà kiri? Kí ni ilé náà ń ṣe fún ọmọ tó bá pé ọdún 18?

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ni ọwọ́ wa lè tó jù lọ. Ọmọ tó jáde nílé ọmọ aláìlóbìí kò ní yàrá bàbá tí yóò padà sí. Ẹ jẹ́ ká bá a san owó ilé ọdún kan. Ẹ jẹ́ ká ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún èyí tó kọ́ iṣẹ́ télọ̀, ká sì san owó fírídọ́ọ̀mù rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní àǹtí tàbí bọ̀ọ̀dá kan nínú ẹgbẹ́ yìí tí yóò máa pè é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí yóò mọ orúkọ rẹ̀ àti èsì ìdánwò rẹ̀.

Nítorí náà, mo dá àbá mẹ́ta fún ìpàdé wa tó ń bọ̀. Kí a pín owó ọdún yìí sí ọ̀nà méjì: ìdajì fún ilé tó bá dáhùn àwọn ìbéèrè òkè yìí, ìdajì fún owó ìléèwé àwọn ọmọ tí ìyá àgbà tàbí àbúrò bàbá ń tọ́, kí wọ́n má bàa di èrò ilé ọmọ aláìlóbìí. Kí a má ṣe gbé ojú ọmọ kankan sórí WhatsApp mọ́. Kí ẹni tó bá sì lè gba ọmọ kan mú títí yóò fi dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé wa. Èmi ti fi tèmi sílẹ̀.