Ẹ Bá Mi Wò Ó

Àwa tí a ṣe kékeré ní Igbóṣeré kí Jákáńdè tó di gómìnà Èkó ní 1979 mọ ìwé ọ̀sán dáadáa. Ọmọ pọ̀ ju yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ. Àwọn kan á lọ láàárọ̀, àwọn tó kù á dúró di ọ̀sán, títí Jákáńdè fi kọ́ ilé ìwé kún ilé ìwé tó sì fòpin sí i. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ìyá wa ti wà ní ọjà Sandgrouse tàbí Ìdúmọ̀tà. Ta wá ló ń rí i pé a wẹ̀, pé a jẹun, pé a kò yà sídìí tẹ́tẹ́? Àwọn ìyá inú ilé ni: ìyá yàrá kejì, àǹtí aránṣọ ẹnu ọ̀nà, ìyá àgbà tó ń ka tẹ̀súbà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn kò bímọ rí, a kò sì mọ̀. Orúkọ ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń tọ́ ni gbogbo ilé fi ń pè é.

Bí ara ọmọ bá gbóná lóru tí ìyá rẹ̀ ròde, èyí tó bá wà nílé ni yóò pọ̀n ọ́n lọ sí ọsibítù Massey, tí yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì di ìdájí. Bí nọ́ọ̀sì bá bi í pé ṣé òun ni ìyá ọmọ, “Èmi ni” ló máa ń dáhùn. Ní ọjọ́ Gúdù Fúráìdè, àwọn ìyá Pópó Àgùdà á se frejon, ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ kúnná tí wọ́n fi omi àgbọn sè. Abọ́ àwa ọmọ Mùsùlùmí ti wà nílẹ̀ kí a tó dé, wọ́n á sì ti bá èyí tó kéré jù yọ eegun ẹja tirẹ̀.

Ohun tí a kò fiyè sí nígbà náà ni pé ìyá tó bí wa ló fún wọn láṣẹ. “Ẹ bá mi wò ó o. Tó bá ṣe ìṣekúṣe, ẹ nà án.” Bó bá dé lálẹ́ tó gbọ́ pé wọ́n nà wá, yóò fi tirẹ̀ lé e kó tó bèèrè ohun tó fà á. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n kí ni àgbà fẹ́ ṣe bí ìyá ọmọ bá ní kó má fọwọ́ kan ọmọ òun?

Ká má parọ́, kì í ṣe gbogbo ẹni tó gba ọmọ sọ́dọ̀ ló ṣe ìyá. Wọ́n mú àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa wá sí Èkó pé wọn yóò kàwé, igbá ọjà nìkan ni wọ́n rù. Ẹfúnróyè Tinúbú, tí gbàgede tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ kò jìnnà sí wa, àwọn ọmọ tó bí kò yè. Ẹ̀gbá fi jẹ Ìyálóde ní 1864, síbẹ̀ ó ti fi ọmọ ọlọ́mọ ṣòwò ẹrú. Oyè kọ́ ló ń sọni di ìyá. Nínú agboolé wa, abọ́ ni a fi ń mọ̀ ọ́n: ṣé ẹran inú abọ́ ọmọ tó bí àti ti ọmọ tó gbà tọ́ dọ́gba?

Àwa náà ti di òbí báyìí, ní Lẹ́kí, ní Ìkòròdú, ní Peckham. A ti géètì, a gba ọmọ ọ̀dọ̀, a fi kámẹ́rà ṣọ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Bí aládùúgbò bá bá ọmọ wa wí, ìjà dé. Tí a bá wá pàdé níbi àríyá, a ó ní irú àwọn ìyá yẹn kò sí mọ́. Wọ́n wà. Opó tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa ń bẹ níbẹ̀, ìyá tí gbogbo ọmọ rẹ̀ ti lọ Kánádà náà ń bẹ níbẹ̀. Kí ọmọ tó ní ìyá kejì, ìyá àkọ́kọ́ ní láti gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá wa gbà. Àwa ni a kò gbà.