Ìlàjà Ni Ó Ṣáájú

Ó ti di ọdún mẹ́ta tí àwa àti arákùnrin kan nínú ìjọ wa kò ti kí ara wa. Ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò jẹ olórí ẹgbẹ́ akọrin ni ó dá ìjà náà sílẹ̀. Ojú ń tì wá láti sọ ọ́. Síbẹ̀ àwa méjèèjì kì í pa ìpàdé àdúrà ìsọjí jẹ.

Láìpẹ́ yìí a ka ìtàn àwọn ará Moravia ní Herrnhut, ní ilẹ̀ Jámánì. Inúnibíni ni ó lé ọ̀pọ̀ nínú wọn dé orí ilẹ̀ ọlọ́lá Zinzendorf láti 1722 lọ, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn náà fi ń bá ara wọn jà lórí ẹ̀kọ́ ìsìn. Zinzendorf, ọlọ́lá tí ó lè lé wọn jáde, ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń pẹ̀tù sí wọn nínú. Ní oṣù Karùn-ún 1727 wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn láti gbé bí ará. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ, níbi Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ní Berthelsdorf, ọkàn wọn rọ̀, wọ́n sọkún. Láti inú oṣù náà ni àdúrà tọ̀sán-tòru wọn ti bẹ̀rẹ̀, ó sì lé ní 100 ọdún. Ní 1732 wọ́n rán ènìyàn méjì lọ wàásù fún àwọn ẹrú ní erékùṣù St. Thomas.

Ìlàjà ni ó ṣáájú. Èyí gún wa ní ọkàn, nítorí iná nìkan ni àwa ń tọrọ.

Ní alẹ́ Sátidé a lọ sí ilé arákùnrin náà. Ẹnu ya ìyàwó rẹ̀ nígbà tí ó ṣílẹ̀kùn. A kò tíì yanjú ọ̀rọ̀ náà tán, ṣùgbọ́n wọ́n fún wa ní omi, a sì mu ún.