Kí Ni Másítà Lórí Ìdájọ́ Ọ̀daràn Fẹ́ Ṣe?

Àwọn kan ní kí la fẹ́ fi másítà lórí ìdájọ́ ọ̀daràn ṣe, òfin tó múná la nílò. Òfin kẹ̀? Èkó ṣe òfin ìdájọ́ ọ̀daràn tirẹ̀ ní 2007, ìjọba àpapọ̀ ṣe tirẹ̀ ní 2015, síbẹ̀ ó lé ní ìdajì àwọn tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà tí kóòtù kò tíì dá lẹ́jọ́. Fáìlì há sọ́wọ́ ọlọ́pàá, ẹlẹ́rìí kò yọjú, ọkọ̀ tí yóò gbé ẹlẹ́wọ̀n lọ sí kóòtù kò sí. Ẹni tó kọ́ bí ọlọ́pàá, kóòtù àti ọgbà ẹ̀wọ̀n ṣe so kọ́ra ló lè tú kókó yẹn. Lóòótọ́, ìwé ẹ̀rí nìkan kì í fúnni níṣẹ́. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́ ní ọlọ́pàá, kóòtù tàbí ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ̀rọ̀ kàn jù: ẹ lọ ka másítà náà.