Títún àga aláwọ ṣe, àti wáyà tó wà lábẹ́ rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ara àwọn àgbà wà nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á dé òpin.

Gbogbo wa la mọ ọkọ̀ àlòkù tó ń ti Yúróòpù wá. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Anvers ní Bẹ́ljíọ̀m, tí wọ́n á gúnlẹ̀ sí Lomé tàbí Cotonou, kí wọ́n tó gun ọ̀nà wá sọ́dọ̀ wa. Àwọn ará ilẹ̀ òtútù ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ìdí nìyẹn tí àga àwọn kan fi ní bọ́tìnnì tó jẹ́ pé bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, àga á máa móoru. Kì í ṣe nǹkan tuntun. Ní 1966, Cadillac ti ń ta irú àga bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nígbà tó sì fi di 1972, Saab ti ilẹ̀ Sweden ti ń fi í sínú ọkọ̀ tirẹ̀.

Irú rẹ̀ ni RAV4 tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ rà. 2004 ni wọ́n ṣe é. Nígbà tó dé ọwọ́ wa, awọ àga iwájú méjèèjì ti sán, ẹ̀gbẹ́ ibi tí awakọ̀ ń gbà wọlé ti ya, fóòmù sì ti yọjú. Oníṣẹ́ àga kan wò ó, ó ní kí n jẹ́ kí òun bọ́ awọ náà dànù, kí òun fi rọ́bà rán tuntun, kí òun sì gé gbogbo wáyà abẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, kí lẹ fẹ́ fi àga gbígbóná ṣe nínú ooru ilẹ̀ yìí?"

Ẹni tó bá ti jí ní ìdájí lákòókò ọyẹ́ ní àgbègbè wa mọ̀ pé òtútù wà nílé tiwa náà. Bàbá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, ìbàdí ń dùn wọ́n. Ìdájí la sì máa ń gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní Sokodé nítorí àrùn ṣúgà. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé àga ọkọ̀ wa lè móoru, inú wọn dùn. Wọ́n ní, "Ọlọ́run ló rán ọkọ̀ yìí sí ìbàdí mi." Mo bá pinnu pé n ó tún àga náà ṣe fúnra mi nígbà ìsinmi ilé ìwé, láì bọ́ awọ rẹ̀ dànù.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan wáyà abẹ́ àga, kí ó tú orí dúdú bàtírì kúrò, kí ó sì dúró tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àpò afẹ́fẹ́ tí à ń pè ní airbag máa ń wà nínú ẹ̀gbẹ́ àga ọkọ̀ púpọ̀. Wáyà rẹ̀ sábà máa ń ní orí aláwọ̀ ìyeyè. Bí ó bá bú mọ́ ènìyàn lójú, kì í ṣe eré. Ìdí kan náà ni a kò fi gbọ́dọ̀ fi òwú líle rán ẹ̀gbẹ́ irú àga bẹ́ẹ̀ pa: ibẹ̀ ni àpò náà máa gbà jáde lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan.

Awọ àga ọkọ̀ kò rí bí awọ tí à ń fi ṣe bàtà lọ́jà. Wọ́n ti kun ọ̀dà sí i lójú, wọ́n sì fi ìbòrí tó dà bí ike bo ọ̀dà náà. Ìbòrí yìí ni oòrùn, òógùn àti eruku pupa kọ́kọ́ ń jẹ, kó tó kan awọ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, òróró àti òrí kò lè tún un ṣe. Pólíṣì bàtà á dán fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà, ara agbádá funfun ni ẹ ó ti rí i.

Ohun tí mo ṣe rèé. Mo fi ọṣẹ tí kò le àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́, mo sì fi aṣọ tí mo ti fún dáadáa nù ún, kí omi má bàa rin wáyà. Mo jẹ́ kó gbẹ níbòòji fún ọjọ́ méjì. Mo fi ọtí tí wọ́n ń tà nílé oògùn nu ọ̀rá ojú rẹ̀ kúrò, mo wá fi bébà oníyanrìn nọ́ńbà 600 ra ibi tó sán, jẹ́jẹ́. Níbi tó ya, mo ti aṣọ pẹlẹbẹ bọ abẹ́ awọ, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, mo sì fi àtè awọ dí ojú rẹ̀ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìpele kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi ló ra ọ̀dà awọ bọ̀ láti Lomé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kùn ún, kí n tó fi ìbòrí sí i. Ẹni tó bá kánjú kùn ún nípọn, kò ní pẹ́ tí yóò fi tún sán.

Ó wá ku wáyà. Láàárín awọ àti fóòmù, aṣọ kan wà tí wáyà tín-ín-rín ń rìn síwá sẹ́yìn lórí rẹ̀. Ohun tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì nínú físíìkì náà ni, effet Joule: iná tó bá gba inú wáyà tó ń dí i lọ́nà kọjá á di ooru. Bí bàtírì bá jẹ́ 12 volt, tí wáyà sì jẹ́ 3 ohm, iná 4 ampere ni yóò gbà á kọjá, agbára ooru rẹ̀ á jẹ́ 48 watt. Mo wọn àga méjèèjì, wáyà wọn kò já. Ẹ má ṣe fi orúnkún kúnlẹ̀ lórí irú àga yìí, ẹ má sì kó àpò iṣu lé e, nítorí ohun tó ń já wáyà rẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá sì já, ẹ má ṣe lọ́ ọ pọ̀ lásán. Ojú ibi tí ẹ lọ́ pọ̀ yẹn lè gbóná ju ìyókù lọ títí tí yóò fi jó awọ. Ẹ pààrọ̀ gbogbo aṣọ oníwáyà náà.

Mo tan àga, ó móoru. Ìgbà náà ni ọkàn mi lọ sí ẹsẹ̀ bàbá mi. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gún gún wọn lẹ́sẹ̀ láàárọ̀, ìrọ́lẹ́ la tó rí ẹ̀jẹ̀. Wọn kò mọ̀ rárá. Bí àrùn ṣúgà bá pẹ́ lára, ó máa ń pa iṣan tó ń jẹ́ kí ènìyàn mọ ìrora. Bẹ́ẹ̀, ooru tó jẹ́ 44°C péré lè jó awọ ara bí ó bá wà lójú kan fún wákàtí mẹ́fà. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní pẹ́ tó yẹn. Ẹni tí ara rẹ̀ dá á sún, tàbí kó pa bọ́tìnnì. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lára á jókòó síbẹ̀. Ní 2011, àwọn dókítà tó ń tọ́jú ẹni tí iná jó ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn tó ń jà fún ààbò ọkọ̀, ké sí àjọ ìjọba NHTSA nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí.

Mo yọ wáyà ooru àga ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, mo fi téèpù dì í, mo sì fi ti awakọ̀ sílẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún wọn, wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "O tún àga ṣe tán, o wá yọ ohun tí mo ń dúró dè?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ máa bínú. Bí awọ àga bá jó, a ó ra òmíràn. Awọ ara yín ńkọ́?"

Wọn kò dáhùn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n ní, "Ó dáa. Bá mi mú aṣọ ìbora mi wá."

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín ní irú àga yìí, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì fún àgbàlagbà, ẹ bi í bóyá ó ní àrùn ṣúgà, tàbí bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń kú tipiri. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, aṣọ ìbora ni kí ẹ fún un. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún àwọn awakọ̀ yòókù. Ọlọ́run á máa ṣọ́ wa lọ, á máa ṣọ́ wa bọ̀ o.