Ìwé Tí Iná Jẹ Létí

Ní ọdún 1862, iná jó ilé Àlùfáà Samuel Àjàyí Crowther ní Èkó. Kò tíì di bíṣọ́ọ̀bù nígbà náà. Ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tó ti fi ọdún 11 ṣà jọ bá iná náà lọ. Mo ti dàgbà, ojú mi sì ti rí òfò, ṣùgbọ́n èyí ṣì ń dùn mí. Àwọn àgbà tó pa òwe wọ̀nyẹn sí i létí ti lọ. Ta la fẹ́ bi?

Ìtàn Weimar, ní ilẹ̀ Jámánì, ló là mí lójú nípa ìwé tí iná jẹ. Ní alẹ́ ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án 2004, iná sọ lókè ilé ìkàwé Anna Amalia. Àwọn èèyàn tò, wọ́n ń na ìwé síra wọn jáde. Ọ̀gá ibẹ̀, Michael Knoche, gbé Bíbélì Luther ti ọdún 1534 jáde. Síbẹ̀, nǹkan bí 50,000 ìwé jóná, iná àti omi panápaná sì ba nǹkan bí 62,000 mìíràn jẹ́.

Omi yẹn gan-an lọ̀tá kejì. Ìwé tó bá rin, láàárín ọjọ́ mélòó kan, yóò bu bíi búrẹ́dì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi sáré kó wọn lọ sí Leipzig, tí wọ́n mú wọn dì bí ẹja inú fírísà, kí wọ́n tó rọra fa omi dídì náà kúrò láìjẹ́ kó yọ́.

Ẹ wá wo ìyanu tí mi ò lè gbàgbé. Ìwé tó wà ní pípadé, etí rẹ̀ niná ń jẹ. Afẹ́fẹ́ kì í ráyè dé àárín. Ẹ̀yìn rẹ̀ lè dúdú bí èédú, kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì ṣeé kà. Ìwé eérú ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ ní Weimar. Wọ́n ń tú u ní ewé kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń fi bébà tí wọ́n pò mọ́ omi dí ibi tí iná jẹ, wọ́n á wá lẹ bébà Japan mọ́ ọn, èyí tó fẹ́lẹ́ débi pé ojú ń ríran kọjá.

Mo máa ń ronú ìwé Àjàyí. Ṣé ẹnikẹ́ni tilẹ̀ tú eérú náà wò?

Ẹ jọ̀ọ́, bí iná bá kan ìwé ilẹ̀ yín, ìwé ìjọ, tàbí ìwé ìtàn ìdílé, ẹ má gbá a dànù. Ẹ má fipá ṣí i. Bó bá gbẹ, ẹ fi páálí gbé e sínú àpótí. Bó bá rin, ẹ fi ọ̀rá wé e, ẹ gbé e sí fírísà, kí ẹ sì wá ẹni tó mọṣẹ́ náà kàn.