Ojú Rẹ Ni Kí O Wò, Má Wo Ìtọ̀
Albarika, Parakou

Àlàó ọmọ mi,

Ìyá rẹ ní o sọ lórí fóònù pé ìtọ̀ rẹ pupa bíi Fáńtà, pé oògùn ikọ́ ife tí wọ́n fún ọ ní Kútọnu ti ń ba ẹ̀dọ̀ rẹ jẹ́, o sì fẹ́ pa á tì. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà fara balẹ̀ ka èyí.

Rifampicin, ọ̀kan nínú egbòogi tó wà nínú oògùn rẹ, ló ń mú kí ìtọ̀ pọ́n. Ó ń mú kí omijé àti òógùn pọ́n pẹ̀lú. Bí abíyá síńgílẹ́ẹ̀tì funfun rẹ bá pọ́n, má jáyà. Tìtorí ìtọ̀ pupa nìkan, má dá oògùn dúró. Ṣùgbọ́n ìtọ̀ ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn náà máa ń ṣú, nítorí náà ìtọ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó ṣeé gbára lé fún ọ. Láàárọ̀, mú dígí bọ́ síta, fa ìpéǹpéjú rẹ wálẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, wo funfun ẹyinjú rẹ. Bó bá ti di pupa rúsúrúsú, tàbí tí oúnjẹ ń sú ọ, tí èébì ń gbé ọ, tí abẹ́ ìhà ọ̀tún ń dùn ọ́, má gbé hóró tó kàn mì. Lọ bá àwọn tó ń fún ọ lóògùn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀rù rẹ kò ṣàìnídìí. Egbòogi mẹ́rin ló wà nínú hóró kan yẹn, mẹ́ta nínú wọn sì lè pa ẹ̀dọ̀ lára: isoniazid, rifampicin àti pyrazinamide. Ojú ni ethambutol ń bá jà ní tirẹ̀. Bí ìríran rẹ bá di bàìbàì, sọ fún wọn. Oṣù 2 àkọ́kọ́ ni wàhálà ẹ̀dọ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ̀dọ̀ ló ń tú isoniazid palẹ̀. Ti àwọn kan yá, ti àwọn mìíràn ń fà, àbímọ́ ni. Àwọn tí tiwọn ń fà ló sábà máa ń fara gbá a.

Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ ni ọtí. Fi sódàbí sílẹ̀ títí oṣù 6 ìtọ́jú rẹ yóò fi pé. Àgbo tí ọ̀rẹ́ rẹ ní òun yóò fi fọ ẹ̀dọ̀ rẹ, dà á nù. Ta ló mọ ohun tó wà nínú ìgò yẹn? Ní kí wọ́n yẹ̀ ọ́ wò fún àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis B pẹ̀lú, torí ó pọ̀ nílẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ ló sì ní in láìmọ̀.

Bí ẹ̀dọ̀ bá tilẹ̀ ní ìṣòro, dókítà mọ ohun tí yóò ṣe. Yóò dá oògùn dúró, yóò dúró kí ẹ̀dọ̀ rọlẹ̀, yóò wá dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè rí èyí tó fa ìjàǹbá. Bí ìwọ bá dá a dúró láìsọ fẹ́nì kan, kòkòrò tó ṣẹ́ kù lè di èyí tí oògùn ò ràn mọ́, ìtọ́jú ìyẹn sì le ju èyí lọ.

Ọ̀fẹ́ ni oògùn náà nílẹ̀ Benin. Padà lọ lọ́la, kí o ní kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ fún àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀. Bí wọ́n bá ní kí o sanwó àyẹ̀wò, pè mí, màá fi ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Baba rẹ