Bó Ṣe Máa Ń Ṣe Èmi Náà Nìyẹn

Ọmọ ọdún 13 ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù mi. Màmá mi ra páàdì fún mi, wọ́n sì kìlọ̀ pé bí ọkùnrin bá fọwọ́ kàn mí báyìí, oyún ni. Wọn ò sọ pé yóò dùn mí. Nígbà tí mo wá ń yí gbirigbiri nílẹ̀ yàrá lóṣooṣù, tí mo ń bì, ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Bó ṣe máa ń ṣe èmi náà nìyẹn. Fara dà á. Tó o bá ti bímọ, á lọ."

Mo fara dà á fún ọdún 11.

Ẹ má rò pé mo kàn káwọ́ gbera o. Ìyá alágbo àdúgbò wa ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé mo fẹ́ràn nǹkan dídùn jù, torí náà mo mu àgbo kíkorò títí ó fi sú mi. Kẹ́mísìtì ní táífọ́ọ̀dì ni. Nílé ìwòsàn kan, wọ́n ní "toilet infection" ni. Gbogbo obìnrin Nàìjíríà ló mọ àìsàn yẹn. Ìwé ìṣègùn nìkan ni kò mọ̀ ọ́n. Mo gba abẹ́rẹ́, mo lo oògùn, oṣù tún dé, mo tún dùbúlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe skáànù, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sì sọ fún mi tayọ̀tayọ̀ pé, "Kò sí nǹkan kan." Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá ọ̀lẹ ni mí. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ti rò bẹ́ẹ̀ ṣáájú mi.

Dókítà tó yí ọ̀rọ̀ náà padà kò lè fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ. Kò tíì fọwọ́ kàn mí tó fi bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ọjọ́ mélòó lo kì í lè jáde nílé lóṣù? Ṣé ó máa ń dùn ọ́ tó o bá fẹ́ yàgbẹ́ nígbà tí oṣù bá dé? Ojú tì mí, àmọ́ mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bíi pé wọ́n ń fi ọ̀bẹ gún mi ni. Ṣé ẹnikẹ́ni nínú ìdílé yín ní irú ẹ̀? Mo ní rárá, màmá mi ò ní in, wọ́n kàn máa ń sọ pé bó ṣe máa ń ṣe àwọn náà...

Mo dákẹ́. Dókítà náà kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọdún 11 ni mo fi gbọ́ gbólóhùn yẹn bí ẹ̀rí pé kò sí nǹkan tó ṣe mí. Àṣé àmì àìsàn ni. Obìnrin tí ìyá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ní endometriosis, ó ṣeé ṣe kí òun náà ní in ju ẹlòmíì lọ.

Orúkọ rẹ̀ gùn, àmọ́ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ohun kan tó jọ awọ tó tẹ́ inú ilé ọmọ ló máa ń hù síbi tí kò yẹ: lára ilé ẹyin, lẹ́yìn ilé ọmọ, lára ìfun, lára àpò ìtọ̀. Tí oṣù bá dé, òun náà lè ṣẹ̀jẹ̀, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún ò rọ́nà jáde. Ibẹ̀ á wú, á degbò, àpá rẹ̀ á sì lẹ ẹ̀yà ara kan mọ́ èkejì. Skáànù lè rí i tó bá ti di àpò ẹ̀jẹ̀ nínú ilé ẹyin. Èyí tó bá fọ́n ká wínníwínní sára awọ inú ikùn, kì í sábà rí i. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi nígbà tí wọ́n ń sọ pé kò sí nǹkan kan. WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, ní nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 obìnrin tó wà lọ́jọ́ orí ìbímọ ló ní in, ìyẹn bíi mílíọ̀nù 190 káàkiri ayé.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ní àìsàn òyìnbó ni, wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà kan, ohun tí àwọn dókítà Amẹ́ríkà ń kọ́ ara wọn ni pé kì í sábà ṣe obìnrin aláwọ̀ dúdú. Tí abẹ́ ikùn bá ń dun obìnrin dúdú, ìnfẹ́kṣọ̀n ni wọ́n máa kọ sí fáìlì ẹ̀. Ṣé ẹ rántí "toilet infection" tèmi? Donald Chatman, dókítà aláwọ̀ dúdú ní Chicago, fi kámẹ́rà kékeré wo inú ikùn àwọn aláìsàn tirẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1976 pé nínú àwọn obìnrin dúdú tí wọ́n ti sọ pé ìnfẹ́kṣọ̀n ló ń ṣe wọ́n, ó lé ní ìdá 20 nínú 100 tó jẹ́ pé endometriosis ni. Nílé níbí ńkọ́? Àwọn dókítà kan wo obìnrin 239 tó ṣe irú àyẹ̀wò kan náà ní Ìbàdàn, àbọ̀ rẹ̀ sì jáde ní 2015: ó kù díẹ̀ kí àwọn tó ní in tó ìdajì. Àwọn tí ara wọn ò yá tàbí tí wọ́n ń wá ọmọ ló máa ń ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìlú. Síbẹ̀, ẹ rò ó wò.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní a ò ní ẹ̀rọ. Òótọ́ ni. Àyẹ̀wò oníkámẹ́rà yẹn, laparoscopy, iṣẹ́ abẹ ni, kò sí níbi púpọ̀, owó ẹ̀ sì ń dunni bí àìsàn fúnra ẹ̀. Ọdún kan ni mo fi tọ́jú owó tèmi. Àmọ́ dókítà mi ò ní kí n máa jẹ̀rora títí dìgbà yẹn. Oògùn hòmóònù ló kọ́kọ́ fún mi. Ìlànà tí ESHRE, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ní Yúróòpù, gbé jáde ní 2022 náà gbà pé kò pọn dandan kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Kò tíì sí ohun tó ń wò ó sàn pátápátá, mo ṣì máa ń ní ọjọ́ burúkú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ò gba iná mànàmáná. Nọ́ọ̀sì iléèwé lè béèrè. Kẹ́mísìtì tó ń ta oògùn inú rírun fún ọmọ kan náà lóṣooṣù lè béèrè.

Ẹ̀wà ni màmá mi ń ṣà lọ́jọ́ tí mo sọ fún wọn. Mo to àwọn ìbéèrè náà fún wọn bí dókítà ṣe bi mí. Wọn ò gbójú sókè. Ọdún 7 ni wọ́n fi wá mi kí wọ́n tó bí mi, ẹnu ẹbí bàbá mi ò sì dákẹ́ nínú ọdún 7 yẹn. Mo ní àìsàn yìí lè mú kó ṣòro fún obìnrin láti lóyún. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ.

"Ti ìgbẹ́ yẹn," ni wọ́n wá sọ, "kò sẹ́ni tó bi mí rí."

Lẹ́yìn náà, wọ́n pe àbúrò mi jáde láti yàrá. Ọmọ ọdún 15 ni.

"Ọjọ́ mélòó lo kì í lè lọ síléèwé tí oṣù bá dé?"